Abẹ Ìfárùngbọ̀n àti Nǹkan Àtijọ́ Tó Tún Ń Wù Wá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi mí jù ní Ṣàgámù níbí, níbi ìnáwó o, ní ṣọ́ọ̀bù o, lórí WhatsApp o, gbàrà tẹ́nì kan bá ti gbọ́ pé abẹ ni mo fi ń fá irùngbọ̀n mi. Mo kó wọn jọ síbì kan. Mi ò kì í ṣe bábà, mi ò sì ta abẹ, nítorí náà ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí mi jọ̀ọ́.

Ẹ̀gbọ́n, abẹ wo gan-an lẹ máa ń sọ? Ṣé bíléèdì inú pépà yẹn ni?

Rárá o. Abẹ tí mò ń wí lèyí tó ṣeé ṣẹ́ po, ẹ̀yìn ẹ̀ nípọn, ẹnu ẹ̀ tín-ín-rín, tó o bá lò ó tán wàá nù ún gbẹ wàá pa á dé sínú èèkù ẹ̀. Irú ẹ̀ làwọn bábà àgbà máa ń nù sókè nù sódò lórí awọ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn. Tiwa náà sì wà kí ti òyìnbó tó dé, èyí táwọn alágbẹ̀dẹ rọ, kì í ṣẹ́ po, irin kan ṣoṣo ni látòkè délẹ̀, òun làwọn onígbàjámọ̀ máa ń kó sínú àpò awọ tí wọ́n á gbé kọ́ èjìká kiri àdúgbò. Nínú oríkì Ògún wọ́n tiẹ̀ ní Ògún onígbàjámọ̀ irun ló ń jẹ. Ohun tó pa àwọn méjèèjì pọ̀ ni pé irin tá a máa pọ́n ni, tí á bá tún kú a tún máa pọ́n ọn, kò sẹ́ni tó ń jù ú nù.

Bùọ̀dá, kílípà wà, Gillette wà, kí lẹ wá lọ síbi abẹ? Ṣé ẹ fẹ́ fi gé ọ̀nà ọ̀fun yín ni?

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè kan ló bi mí báyìí, ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ìdáhùn mi pín sí púpọ̀, ẹ fara balẹ̀.

Àkọ́kọ́, ó dùn mọ́ mi, ìyẹn náà tó. Nígbà tí abẹ bá wà lọ́rùn ẹ o ò lè máa tẹ fóònù, o ò lè máa ro ti lánlọ́ọ̀dù, o ò lè dá ìyàwó lóhùn láti yàrá kejì, gbogbo ọkàn ẹ á wà níwájú dígí fún ogún ìṣẹ́jú, mi ò sì mọ nǹkan míì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi láàárọ̀ àyàfi àdúrà, àdúrà gan-an fóònù a máa dún níbẹ̀. Ìró ẹ̀ náà wà níbẹ̀, tí abẹ bá mú dáadáa tí irun bá ti rọ̀, wàá máa gbọ́ ọ bó ṣe ń gé irun kọ̀ọ̀kan, wàá ti ìró yẹn mọ̀ bóyá ọwọ́ ẹ wà níbi tó yẹ kó wà.

Èkejì ni iná. Kílípà iná tí Leo Wahl gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1919 dáa, mi ò ní bú u, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ibi tá à ń gbé, wọ́n á fá apá kan orí ẹ tán wọ́n á wá mú iná lọ, wàá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn kí wọ́n tó ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Àwọn tó wà ní Band A, tíná wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ, lè máa fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ rántí láti sọ fún wa iye tẹ́ ẹ ń san látìgbà tí wọ́n fowó kún un ní April 2024.

Ẹ̀kẹta ni mo kà sí pàtàkì jù. Púpọ̀ nínú nǹkan tá à ń lò báyìí kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa àfi owó, o tẹ bọ́tìnì ó ṣiṣẹ́, ó bàjẹ́ o jù ú nù o ra òmíì, o ò ní mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ lọ́jọ́ tó o rà á, o ò sì ní mọ̀ nígbà tó o bá ń jù ú nù. Abẹ ń béèrè. Ó ń béèrè pé kó o mọ ibi tí irun ẹ kọ orí sí, kó o mọ pé ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń lọ sísàlẹ̀ ti abẹ́ àgbọ̀n sì lè máa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o mọ bí ọwọ́ òsì ẹ ṣe ń ṣe tó bá ń gbọ̀n, kó o mọ̀gbà tí ẹnu abẹ ń kú lọ kó tó kú tán. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti lé ní ogójì ọdún tí wọn ò mọ ojú ara wọn tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá jẹ́ káwọn bàbá wa fi sílẹ̀ tó bá dùn tó báyẹn?

Nítorí pé ó le, ó sì ń gbàkókò, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní 1901 ni King Gillette dá iléeṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tajà ní 1903 résà 51 àti bíléèdì 168 péré ni wọ́n tà lọ́dún yẹn, àwọn èèyàn ò tíì gbà pé wọ́n lè ju irin tó mú nù. Ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé tí ìjọba Amẹ́ríkà ń há résà náà fáwọn ọmọ ogun ni ọ̀rọ̀ yí padà, wọ́n padà sílé pẹ̀lú ẹ̀, ó ti mọ́ wọn lára. Lẹ́yìn ìyẹn ni onína dé, ní 1971 ni Gillette kó bíléèdì méjì sójú kan náà, Bic wá ṣe èyí tó ṣeé jù nù tòun tèèkù ní 1975. Wọ́n ti kó márùn-ún sí i báyìí, mi ò mọ ibi tí wọ́n fẹ́ bá a dé.

Lọ́dọ̀ tiwa, bíléèdì inú pépà ló kọ́kọ́ dé ọwọ́ onígbàjámọ̀, òun náà ló ń lò títí dòní tó bá fẹ́ kááfù iwájú orí yín.

Ṣé lóòótọ́ ni pé abẹ kì í jẹ́ kí bọ́ǹpù yọ?

Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ ọ́ báyẹn gbuuru. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: irun wa ń lọ́, tí wọ́n bá gé e kúrú jù tó wọnú awọ ara lọ, nígbà tó bá ń hù padà á ká, á gún awọ ara láti inú tàbí kó jáde kó tún tẹ̀ padà wọlé, ara á rò pé àlejò ni, á wú, á pọ́n, á ṣe kókó. Ìdí nìyẹn tó fi ń dààmú aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ. Résà oníbíléèdì mẹ́ta mẹ́rin ló burú jù níbẹ̀, torí ti iwájú á fa irun sókè, ti ẹ̀yìn á gé e, ó bá pa dà sínú. Abẹ jẹ́ ẹnu kan ṣoṣo, orí awọ ara ló ti ń gé irun, nítorí náà ó máa ń dín in kù, pàápàá tẹ́ ẹ bá fá a lọ síbi tí irun kọ orí sí tẹ́ ẹ ò sì fa awọ ara le jù.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń fi abẹ yẹn fá a lòdì sí irun, tẹ́ ẹ fẹ́ kó dán bíi gorímápá, bọ́ǹpù á yọ, abẹ ọba ni tàbí abẹ tálákà. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé oògùn tiwọn ni kí wọ́n fi irùngbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀. Tó bá ti di kókó líle lẹ́yìn ọrùn, tàbí tẹ́ ẹ jẹ́ ẹni tí ojú egbò ẹ̀ máa ń wú di kélọ́ìdì, ẹ má fi abẹ kan ibẹ̀ rárá, ẹ lọ rí dókítà awọ ara, OOUTH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, ò jìnnà sí wa ní Ṣàgámù níbí.

Páúdà tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ yẹn ńkọ́?

Páúdà yẹn ò fá irun, ńṣe ló ń yọ́ ọ, èròjà sọ́fọ̀ inú ẹ̀ ló ń rùn. Ó ń ran àwọn tó ní bọ́ǹpù lọ́wọ́ tòótọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀ sójú torí pé ẹ ń wo bọ́ọ̀lù, ó máa jó yín. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí apá wò.

Níbo ni mo ti lè rí abẹ gidi rà láàárín Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ?

Ibi àkọ́kọ́ tí mo máa ní kẹ́ ẹ wò ni àpótí bàbá àgbà yín, mi ò ṣeré. Àwọn tó ṣiṣẹ́ kòkó, àwọn tíṣà, àwọn tó ṣiṣẹ́ rélùwéè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní in. Ẹ wo ara irin náà níbi tó súnmọ́ èèkù, tẹ́ ẹ bá rí Solingen, Jámánì ló ti wá, òfin ti dáàbò bo orúkọ ìlú yẹn láti 1938, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá rọ irin ló lè tẹ̀ ẹ́ sára ọjà. Tẹ́ ẹ bá rí Sheffield, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Àwọn méjèèjì ò kì í kú bọ̀rọ̀.

Láwọn ọjà wa, Fálàwọ̀ o, Ìta-Alẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde o, bíléèdì àti èèkù abẹ tí wọ́n ń ki bíléèdì bọ̀ lẹ máa rí, òun làwọn bábà ń lò. Kò burú fún ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ́ ọwọ́ yín láìjẹ́ pé ẹ máa dààmú nípa pípọ́n, ẹ̀rù tiẹ̀ yẹ kó bà yín sí i níbẹ̀ ni torí bíléèdì tuntun mú ju abẹ lọ, kì í sì í dárí ji ọwọ́ tó ṣìnà.

Èyí tẹ́ ẹ máa sá fún ni abẹ dídán olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ya ẹyẹ àti kìnnìún sí i lára, èèkù ẹ̀ á máa dán yinrin, ẹ ò ní rí irin gidi níbẹ̀, ẹ pọ́n ọn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní mú. Ohun ọ̀ṣọ́ orí tẹlifíṣọ̀n ni.

Ọmọ mi, mo ní abẹ tí bàbá mi fi sílẹ̀, ó ti dógùn-ún. Ṣé ó ṣì wúlò?

Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀, Bàbá. Ẹ mú un lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kẹ́ ẹ wo ẹnu ẹ̀ nìkan. Tó bá jẹ́ pé ara àti ẹ̀yìn ni ìpẹtà wà, kò sí wàhálà, epo àti aṣọ á mú èyí tó pọ̀ níbẹ̀ kúrò. Tí ìpẹtà bá ti jẹ ẹnu ẹ̀ wọlé tó ṣe kọ́ńkọ́lọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n pọ́n lè pọ́n ibẹ̀ dànù tó bá jẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí ìlà tó sán láti ẹnu lọ sókè, kó padà sínú àpótí, ìrántí ni o, kó má kan ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé e lọ sọ́dọ̀ welder tàbí ẹni tó ń lọ àdá lórí máṣíìnì, iná tó ń ta yẹn á ba irin náà jẹ́ pátápátá, kò ní lè mú mọ́ láé.

Ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pípọ́n àti nínù lórí awọ. Ó ń dà mí lójú rú.

Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ibẹ̀ sì ni gbogbo adùn iṣẹ́ náà wà fún mi, ju fífá gan-an lọ.

Pípọ́n jẹ́ ti orí òkúta, ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mélòó kan ni. Òkúta náà ní nọ́ńbà, ti 1000 wà fún abẹ tó ti kú tán, òun ló ń la ẹnu tuntun, lẹ́yìn náà ẹ máa gòkè díẹ̀ díẹ̀ lọ sí èyí tó kúnná, 4000, 8000, àwọn kan dé 12000. Òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n àdá oko le jù, ẹ má dán an wò. Ẹ máa tẹ́ abẹ lé òkúta gbalaja, ẹ̀yìn àti ẹnu ẹ̀ á jọ kan òkúta, ẹnu á ṣáájú, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀yìn sókè bíi ti ọ̀bẹ ìdáná, torí pé ẹ̀yìn yẹn tó nípọn lẹni tó ṣe abẹ náà ti fi wọn ìdagun tó yẹ kí ẹnu ẹ̀ ní. Ẹni tó kọ́kọ́ ro ìyẹn gbọ́n.

Nínù jẹ́ ti orí awọ, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fárùngbọ̀n ni, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Níbí ẹ̀yìn abẹ ló ń ṣáájú, ẹnu á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá dé òpin ẹ máa fi ẹ̀yìn yí i, kì í ṣe ẹnu, tẹ́ ẹ bá fi ẹnu yí i ẹ máa gé awọ yẹn sí méjì, ẹ máa tún pa abẹ. Bí ọgbọ̀n sí àádọ́ta lọ-bọ̀ ti tó. Awọ kì í gé irin kúrò, ńṣe ló ń tún ẹnu ẹ̀ tò, torí pé lẹ́yìn fífá kan ẹnu tín-ín-rín yẹn ti tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún, ojú lásán ò lè rí i. Abẹ tẹ́ ẹ ò nù máa fa irun yín bí ẹni ń tu ìyẹ́ adìẹ.

Ti awọ ò le ní Rẹ́mọ, ẹ lọ sí Sábó, ẹ bá àwọn Hausa tó ń ṣe bàtà àti àpò awọ, ẹ ní kí wọ́n gé awọ màlúù tó tẹ́jú fún yín, kó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta mẹ́rin, kó gùn tó apá. Bẹ́líìtì tẹ́ ẹ rà lójú títì, tí wọ́n ní aláwọ ni, rọ́bà ló pọ̀ nínú wọn. Tẹ́ ẹ bá wà ní Sábó yẹn, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wanzami kan ṣì ń ṣiṣẹ́ nítòsí, onígbàjámọ̀ tiwọn nìyẹn, ẹ jókòó ti bàbá náà kẹ́ ẹ máa wo ọwọ́ ẹ̀. Mo ti kọ́ ju ti inú fídíò lọ níbẹ̀.

Ó dáa, mo ti ra abẹ, mo ti nù ún. Báwo ni mo ṣe máa fá a?

Ẹ wẹ̀ kọ́kọ́, tàbí kẹ́ ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ irùngbọ̀n fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, irun tó mu omi rọ̀ ju gbígbẹ lọ fíìfíì. Ẹ ho ọṣẹ sí i. Ọṣẹ dúdú ń ṣe é, àmọ́ ẹ má lo èyí tó ń ta yín lójú ara, ẹ pò ó pọ̀ mọ́ omi kó ho dáadáa, búrọ́ọ̀ṣì kékeré á gbé irun dìde.

Ẹ fi ọwọ́ kejì fa awọ ara díẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀yìn abẹ kúrò lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní bí ìwọ̀n ìbú ẹ̀yìn náà lọ́nà méjì, ìyẹn ń lọ sí dígíríì 30, tó bá sùn jù á máa fa irun, tó bá dìde jù á gé yín. Ẹ máa fá kúkúrú kúkúrú látòkè wá sílẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ìwúwo ẹ̀ ti tó. Ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe láyé ni kẹ́ ẹ fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí ọ̀bẹ ṣe ń gé búrẹ́dì, ibẹ̀ lẹ̀jẹ̀ wà.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan lẹ máa fá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ fi résà yín parí ìyókù. Àgbọ̀n ló le jù torí ó ká, ọrùn ni irun ti ń lọ síbi tó wù ú, irunmú sì rèé, imú á máa dí yín lọ́wọ́. Ẹ má kánjú.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi omi tútù ṣan ojú, òrí díẹ̀ tàbí àdín àgbọn ti tó. Ẹ nu abẹ gbẹ, títí dé ibi tó ti ń ṣẹ́ po, ẹ fi epo máṣíìnì ìránṣọ díẹ̀ pa á lára. Òjò wa ní Ìjẹ̀bú kò fẹ́ràn irin, abẹ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nínú bálùwẹ̀ lóṣù July á pọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó yípo.

Tí mo bá gé ara mi ńkọ́?

Ẹ máa gé ara yín díẹ̀, ẹ gbà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Álọ́ọ̀mù tí àwọn màmá wa fi ń mú kí omi kànga tòrò, ẹ rẹ ẹ sínú omi, ẹ fi ra ojú ibẹ̀, á ta yín, ẹ̀jẹ̀ á dá. Tó bá jinlẹ̀ tí kò dá, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ sọ́sípítù, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, pàápàá tí ìpẹtà bá wà lára abẹ.

Èmi àti àbúrò mi lè jọ máa lo abẹ kan?

Rárá. Ọmọ ìyá méjì lè jọ jẹ ìkókorè nínú àwo kan, wọn ò gbọdọ̀ lo abẹ kan. Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú B lè wà láàyè lórí irin fún ọjọ́ méje ó kéré tán, ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò rí ti tó o, ti éèdì náà ò ṣe é fi ṣeré. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ máa fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, bílíìṣì á jẹ irin yẹn. Kálukú kó ra tiẹ̀. Bákan náà tẹ́ ẹ bá jókòó síwájú bábà tó fẹ́ kááfù yín, ẹ jẹ́ kó tú bíléèdì tuntun lójú yín, ẹ má tijú, kó má baà sọ pé òun ti fi spírítì nù ún. Ibi tí mo ti kúrò lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù kan nìyẹn, wọ́n ní mò ń ṣe bí òyìnbó.

Ṣé mo lè fi fá orí mi gorímápá?

A kì í fárí lẹ́yìn olórí, àmọ́ olórí náà ò rí ẹ̀yìn orí ara ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín fá a.

Àwọn obìnrin ńkọ́?

Irun ò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Ẹsẹ̀ rọrùn ju ojú lọ, abíyá le torí kòtò ni. Àǹtí kan ní Ìpẹru tí mo mọ̀ mọ abẹ lò ju gbogbo wa lọ.

Mo fẹ́ gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Inú báàgì tí wọ́n ń kó sábẹ́ ọkọ̀ ni. Tó bá wà nínú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, wọ́n á gbà á.

Ṣé kì í ṣe fáàrí àwọn tó lówó lẹ̀ ń ṣe? Àwọn tó jẹ́ pé dandan ni kí wọ́n lo ọlọ ti sá kúrò nídìí ẹ̀, ẹ̀yin wá ń sọ pé ó dùn.

Ìyá kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ló sọ èyí fún mi lójú ara mi, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. Ẹni tó lọ ata lórí ọlọ lójoojúmọ́ fún ogún èèyàn nígbà tó wà lọ́mọdé, tó ń fa omi, tó ń gún iyán, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa sọ fún un pé ọlọ ládùn tí kò ní wò yín bíi wèrè. Ẹ̀rọ ìlọta gbà wọ́n sílẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Ìgbádùn irinṣẹ́ àtijọ́ jẹ́ ti ẹni tó lè fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, mi ò jiyàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rí i pé ìyẹn sọ ọ́ di fáàrí. Tó bá jẹ́ tòwó, abẹ kan àti awọ kan lè bá yín dàgbà kẹ́ ẹ tún fi sílẹ̀ fọ́mọ, nígbà tí ẹni tó ń ra résà onípáálí ń ra á títí láé, Ìjẹ̀bú tó mọ ìṣirò yẹ kó lè ṣe èyí lọ́kàn.

Ìyẹn ni pé ẹ fẹ́ ká padà sí gbogbo nǹkan àtijọ́?

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Abẹ yìí kan náà ni wọ́n fi ń kọ ilà ojú fọ́mọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ti ní kò gbọdọ̀ wáyé mọ́, mo sì fara mọ́ ọn. Òun náà ni wọ́n fi ń fá orí opó tipátipá, òfin 2015 tó lòdì sí ìwà ipá ti kà á kún ẹ̀ṣẹ̀ láti fìyà opó jẹ obìnrin. Abẹ kan tí wọ́n fi ń fá gbogbo àdúgbò, èyí náà wà lára àtijọ́. Èmi ò ṣe ọ̀fọ̀ ìkankan nínú wọn. Àwọn Mùsùlùmí tó ń fá orí ọmọ tuntun ní ọjọ́ keje, tí wọ́n ń wọn irun ẹ̀ kí wọ́n fi ìwọ̀n fàdákà tó bá a mu ṣe sàárà, ìyẹn dáa, kí wọ́n kàn rí i pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ló mú abẹ lọ́wọ́ àti pé abẹ náà mọ́. Ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ẹ mú èyí tó wúlò.

Ẹ̀rù abẹ ń bà mí. Kí ni mo tún lè fi bẹ̀rẹ̀?

Pákò. Orín ata wà lọ́jà, àjọ WHO gan-an ti dámọ̀ràn pákò láti 1986 níbi tó bá ti jẹ́ àṣà, ẹ jẹ orí ẹ̀ títí á fi di búrọ́ọ̀ṣì, ẹ rọra máa rìn kiri àgbàlá pẹ̀lú ẹ̀.

Tàbí ayò, èyí tí mo fẹ́ràn ìkejì sí abẹ. Ọpọ́n kan, ojúlé méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Kò gba iná, kò gba dátà, ó gba kíkà, torí pé ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, ti ka ojúlé yín kẹ́ ẹ tó gbé ọwọ́, ọ̀pẹ tí kò mọ̀ ọ́n ta á ṣì máa wo èyí tó pọ̀ jù lójú. Ẹ rí àwọn àgbààgbà tó ń ta á lábẹ́ igi, ẹ kí wọn, ẹ jókòó, ẹ má dá sí i. Wọ́n á bú yín dáadáa kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n, èébú yẹn wà lára ayò, ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n bú òun kó lọ máa ta Ludo lórí fóònù.

Mo fẹ́ kí ojú mi dán fún Ojúde Ọba. Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí lo abẹ?

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, gbogbo Ìjẹ̀bú àti idajì Èkó ló máa wà níbẹ̀, kámẹ́rà á wà níbi gbogbo, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín á ti rán aṣọ. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kejì Iléyá jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa gbé abẹ sójú, ẹ máa gun ẹṣin pẹ̀lú pálásítà. Oṣù méjì mẹ́ta ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ Sátidé tí ẹ ò níbi tẹ́ ẹ ń lọ. Tó bá ti pẹ́ jù fún ti ọdún yìí, ẹ lọ bá bábà yín, ẹ ní kó tú bíléèdì tuntun, ẹ sanwó ẹ̀ fún un, ká pàdé lẹ́yìn ọdún.